Èrò ń pọ̀ sí i létíkun: ṣé dandan ni kí àlàáfíà ibẹ̀ lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ọkọ mi ní ilé ìtura kékeré oníyàrá mẹ́jọ kan sétí òkun ní apá Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, ìdílé mélòó kan ló máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá gbàgbé fóònù sórí àga á bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní báyìí, ilé fàájì ti tò sí ọ̀tún àti òsì wa. Oorun ò sí mọ́ tó bá ti di oṣù Kejìlá, wọ́n ń jí nǹkan, àwọn ọ̀dọ́ abúlé sì ń gbowó lọ́wọ́ àlejò wa lójú ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, omi gbé ọmọkùnrin kan lọ níwájú ilé tó kángun sí tiwa. Ọkọ mi fẹ́ ká mọ odi yí gbogbo ilẹ̀ wa ká títí dórí iyanrìn, ká sì gba ọlọ́pàá oníbọn. Èmi ò dá mi lójú pé ìyẹn ló máa tún un ṣe. Ṣé dandan ni kí àlàáfíà lọ níbi tí èrò bá ti pọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà, àbúrò mi. Kì í ṣe dandan. Ohun tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ààbò tí mò ń bá àwọn onílé ìtura etíkun ṣe ni pé èrò nìkan kọ́ ló ń lé àlàáfíà lọ. Owó àlejò ló máa ń tètè dé ju àwọn tó yẹ kó ṣọ́ àlejò lọ. Bó bá sì dé tán, ó máa ń fo àwọn tó ni ìlú kọjá. Etíkun tí nǹkan méjèèjì yìí bá ti ṣẹlẹ̀, bí odi ibẹ̀ ga tó òrùlé, ọkàn ò ní balẹ̀ níbẹ̀.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí olè. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sí mi, gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ fi sọ ti ọmọkùnrin tí omi gbé lọ, bẹ́ẹ̀ òun ló wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀. Olè á kó fóònù lọ, ẹlẹ́rù á sunkún, á ra òmíràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn, ìyẹn 300,000, ni omi pa káàkiri ayé lọ́dún 2021 nìkan. Ó ju ọgbọ̀n èèyàn lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Omi ni ẹ fi ṣe iṣẹ́ yín, òun náà ló sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣọ́.

Ìdí tí ìpọ̀sí èrò fi ń mú ikú omi wá kò ṣòro láti rí. Àwọn tó kọ́kọ́ ń wá sọ́dọ̀ yín, yálà wọ́n mọ òkun, tàbí wọ́n bá ẹni tó mọ̀ ọ́n wá. Ìdílé ni wọ́n, ìyá ń wo ọmọ. Àwọn tó ń wá báyìí ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, inú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà, ọ̀dọ́ ogún tàbí ọgbọ̀n tí kò sí ẹni tó lè wẹ̀ dáadáa nínú wọn, ọtí ti wọ inú wọn kí wọ́n tó bọ́ bàtà, ìrọ̀lẹ́ sì ni wọ́n máa ń ya wọ omi torí pé ìgbà yẹn ni fọ́tò máa ń dára jù. Òkun iwájú yín kò sì ní ohunkóhun tó dí i lọ́wọ́. Àtìlàǹtíìkì gbalasa ni, ìgbì tí ìjì bá dá sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ gúúsù ayé á rin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ kó tó fọ́ lórí iyanrìn yín. Láti nǹkan bí oṣù Kẹfà títí wọ oṣù Kẹsàn-án ni ìgbì yẹn máa ń le jù, ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé gba ìsinmi gan-an. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, irú omi bẹ́ẹ̀ ló ya wọ Kúrámọ̀ ní Victoria Island lóru, ó gbé èèyàn lọ nínú àwọn ahéré fàájì tí wọ́n pa sétí omi, ìjọba Èkó sì wó ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń pa èèyàn, torí àwọn òṣìṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò. Omi tí ìgbì bá kó wá sórí iyanrìn gbọ́dọ̀ padà sínú òkun. Kì í gba gbogbo ojú ọ̀nà padà. Ó máa ń wá ibi tí iyanrìn abẹ́ omi ti jìn díẹ̀, á kóra jọ síbẹ̀, á sì máa ṣàn jáde bí odò kékeré láàárín òkun. Níbi tí omi yìí ń gbà, ìgbì kì í fọ́ tó bẹ́ẹ̀, ojú omi máa ń jọ pé ó rọlẹ̀, ó sì máa ń dúdú díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Àlejò tó ń bẹ̀rù ìgbì á wo ọ̀tún, á wo òsì, ibẹ̀ gan-an ló máa yàn. Kí ó tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́. Á kọjú sí iyanrìn, á máa fi gbogbo agbára wẹ̀ lòdì sí omi tó lágbára jù ú lọ, àárẹ̀ ni yóò sì pa á. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní bá a jà. Á jẹ́ kí omi náà gbé òun díẹ̀, á léfòó, á na ọwọ́ sókè kí wọ́n lè rí i, á wá wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní títẹ̀lé etí òkun títí yóò fi kúrò lójú ọ̀nà omi yẹn. Ìgbì tó ń fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á wá tì í bọ̀ wálé.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ àlejò láti ìgboro Èkó kò mọ̀. Tarkwa Bay ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan òkun. Inú òkúta ìdènà tí ìjọba àmúnisìn kó sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni Tarkwa Bay fara pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ fi máa ń rọlẹ̀ débi pé ọmọdé lè ṣeré nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tó wá dé ọ̀dọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á rò pé òkun kan náà ni. Ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀ tó bá ti ń gba kọ́kọ́rọ́ yàrá pé kì í ṣe ọ̀kan náà.

Òmùwẹ̀ olùṣọ́, tí gbogbo ayé ń pè ní lifeguard, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fún ilé ìtura. Méjì ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ẹyọ kan, torí ẹni kan kò lè fa èèyàn jáde kó sì tún máa wo àwọn tó kù. Ẹ wá wọn láàárín àwọn ọmọ apẹja, Ìlàjẹ tàbí ọmọ abúlé yín, tí wọ́n ti mọ ìgbì láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mímọ omi tó. Ẹni tó ń rì máa ń rọ̀ mọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn, á sì rì í mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ gbani là ló ti kú bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń na ohun tó léfòó sí i, okùn tàbí pákó, dípò ọwọ́. Kí wọ́n tún kọ́ ohun tí wọ́n máa ṣe tí wọ́n bá ti gbé e dórí iyanrìn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti da èèyàn kọ́ èjìká, tí wọ́n ń jù ú sókè sódò kí omi lè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń ṣe ìyẹn ni ọpọlọ fi ń kú. Afẹ́fẹ́ ló nílò. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí wọ́n wá máa tẹ àyà rẹ̀ ní ìgbà ọgbọ̀n, kí wọ́n tún fẹ́ atẹ́gùn méjì, kí wọ́n má sì dáwọ́ dúró títí olùrànlọ́wọ́ á fi dé. Ẹ ri àsíá aláwọ̀ pupa àti ìyeyè méjì mọ́lẹ̀. Àárín méjèèjì nìkan ni àlejò gbọdọ̀ wọ̀. Ọjọ́ tí omi bá burú, àsíá pupa lásán, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ẹni tó bá san owó yàrá tó wọ́n jù lọ náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, omi ti parí fún ọjọ́ yẹn.

Ti ọkọ̀ ojú omi, mi ò ní sọ púpọ̀, torí ojú títì ni ọ̀pọ̀ àlejò yín ń gbà. Àwọn tó bá háyà ọkọ̀ gba ọ̀sà wá, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé kí kálukú wọ life jacket kí wọ́n tó ṣí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Òkùnkùn, ọtí àti ọkọ̀ tí èrò pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í pẹ́ pa èèyàn.

Ó wá kan ariwo. Ìjọba Èkó kéde pé owó tí ìrìn-àjò afẹ́ àti fàájì mú wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ju mílíọ̀nù 71 dọ́là lọ. Owó bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ pa rédíò, èmi náà ò sì ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa retí pé Detty December, fàájì àṣemọ́jú oṣù Kejìlá yìí, á kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin wà. LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Èkó, fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún àdúgbò tí èèyàn ń gbé: dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 55 lọ́sàn-án, 45 lóru. Ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo ò wọ́n, fóònù pàápàá lè fún yín ní òye díẹ̀. Ohun tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn onílé ìtura ni pé kí wọ́n má gbàgbé ẹni tó ń gbọ́ ariwo náà jù. Láti orí òkun ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń ti fẹ́ wá sórí ilẹ̀ níbi tiwa, ó sì máa ń gbé ìró wọ inú abúlé tó wà lẹ́yìn yín. Àlejò yín á sùn dọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìyá arúgbó tó wà lẹ́yìn ilé yín, apẹja tó gbọ́dọ̀ jí ní aago mẹ́rin, ọmọ tó ń múra ìdánwò, àwọn ni wọn ò sùn. Ìbínú ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, àárín òru yẹn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn erékùṣù Mallorca àti Ibiza ní Sípéènì ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá mutí sọ àdúgbò bíi Magaluf di ibi ìjà àti ibi tí èèyàn ti ń já bọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé ìtura, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin lọ́dún 2020. Wọ́n fòfin de ọtí ẹ̀dínwó tí wọ́n fi ń fa èrò wọlé, wọ́n fòfin de kíkó àlejò jọ láti máa mutí kiri láti ilé ọtí kan sí òmíràn, wọ́n sì ní kí ṣọ́ọ̀bù má ta ọtí láàárín aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀ láwọn àdúgbò tí wọ́n dárúkọ. Gbogbo ilé tó wà lójú pópó kan náà ni òfin yẹn bá wí, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Tí ẹ̀yin nìkan bá pa orin yín ní aago mọ́kànlá, ilé kejì á gba àlejò yín lọ, ariwo á sì máa lọ. Ẹ pe àwọn onílé fàájì ọ̀tún àti òsì yín jókòó kí oṣù Kọkànlá tó parí, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé lórí aago kan. Ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ wà níbẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbowó lójú ọ̀nà ni mo fẹ́ dúró lé lórí dáadáa, torí ibẹ̀ ni èmi àti ọkọ yín máa fi yàtọ̀ síra. Mi ò ní bá yín sọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe dára. Àlejò tó sanwó lẹ́nu géètì, tó tún sanwó àga, tó tún bá ọmọkùnrin mẹ́ta níwájú tí wọ́n nà okùn dínà mọ́tò, kò ní padà wá mọ́, á sì sọ fún ogún èèyàn. Àmọ́ ẹ wo bí ó ṣe rí látọ̀dọ̀ wọn. Ìdílé ta ilẹ̀, owó náà dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn àgbà pín in, ó tán. Ibi tí bàbá wọn ń gúnlẹ̀ ọkọ̀ sí ti di ibi tí wọ́n to àga fàájì sí. Àwọn tó ń se oúnjẹ, tó ń gbá yàrá, tó ń ṣọ́ géètì ní gbogbo ilé ìtura yẹn, ìgboro ni wọ́n ti kó wọn wá. Ọmọ náà ń wo ọkọ̀ olówó ńlá tó ń kọjá níwájú ilé bàbá rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sí ọ̀nà kankan tí owó yẹn ń gbà kàn án àfi okùn tó nà yẹn. Níbi tí nǹkan bá ti rí báyìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn àti àwọn tó ń ta oògùn olóró kì í pẹ́ rí ẹni gbà síṣẹ́.

Ẹ gba ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ yín, ó kéré tán, láti abúlé. Ẹ kọ́ wọn, ẹ san owó tí ẹ̀ ń san fún ará ìgboro fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin onílé ìtura tó wà lójú ọ̀nà kan náà fohùn ṣọ̀kan lórí iye kan lórí àlejò kọ̀ọ̀kan, kó wà nínú owó yàrá, kó má ṣe jẹ́ ohun tí àlejò á tún máa yọ lápò. Kí ó máa wọ àkáǹtì kan ní báǹkì tí baálẹ̀, aṣojú àwọn obìnrin ọjà, aṣojú àwọn apẹja àti aṣojú yín jọ ń fọwọ́ sí. Kí ẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri ojúde baálẹ̀ lóṣooṣù: iye tó wọlé, ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹ̀rọ omi ni o, ẹ̀rọ amúnáwá ni o, owó òmùwẹ̀ olùṣọ́ ni o. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn ṣe pàtàkì ju owó lọ. Tí ẹ bá fún ẹni kan ṣoṣo lówó ní kọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ baálẹ̀ fúnra rẹ̀, okùn ojú ọ̀nà ò ní kúrò, á kàn yí ọwọ́ padà ni. Tí owó bá ti ń jáde ní gbangba, àwọn ọ̀dọ́ abúlé fúnra wọn ni wọ́n á máa lé ẹni tó bá tún na okùn.

Ìdí tó jinlẹ̀ ju owó lọ tún wà. Ní June 26, ọdún 2015, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ etíkun ilé ìtura kan ní Sousse, orílẹ̀-èdè Tunisia, ó pa àlejò 38, ọgbọ̀n nínú wọn jẹ́ ará Bìrìtìkó. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ikú wọn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2017, adájọ́ tó darí rẹ̀ bẹnu àtẹ́ lu àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ gidigidi torí bí wọ́n ṣe fi ìlọ́ra dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé ìtura tí kò ní ohun ìjà kankan, to ara wọn sórí iyanrìn, wọ́n fi ara wọn ṣe odi kí apààyàn náà má bàa kọjá sọ́dọ̀ àwọn àlejò tó kù. Lóṣù Kẹta ọdún 2016, àwọn oníbọn mẹ́ta ya wọ etíkun Grand-Bassam ní Côte d'Ivoire, èyí tí kò jìnnà sí wa, wọ́n pa èèyàn 19. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Mo sọ ọ́ torí pé ẹni tó máa kọ́kọ́ rí àjèjì tó ń rìn ségesège lórí iyanrìn kì í ṣe ọlọ́pàá. Obìnrin tó ń ta àgbọn ni, ọmọ tó ń fi ẹṣin gbé àlejò kiri ni, apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe ni. Ṣé wọ́n máa wá sọ fún yín? Tí oúnjẹ wọn bá ń ti ara àlejò yín wá, wọ́n á sáré wá. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù kan tí wọ́n lè pè, kẹ́ ẹ sì kọ́ wọn ní 112 àti 767, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ dánwò bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe dára tó lórí iyanrìn gan-an, torí ibòmíràn wà tí kò sí rárá.

Ti olè kékeré kò le. Àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ fún fóònù àti owó, òṣìṣẹ́ kan tó ń rìn láàárín àga, iná tó dára. Lórí iná yìí, ẹ má ra èyí tó ń fọ́jú. Ó máa ń dá òkùnkùn biribiri sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ohun tó bá bò ó, ibẹ̀ ni olè máa ń dúró sí. Iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó dojú kọlẹ̀, tó pọ̀ níye, ló dára. Àǹfààní mìíràn tún ni pé àwọn ìjàpá òkun ṣì ń gòkè wá yé ẹyin sí etíkun Lẹ́kkí ní àsìkò ẹ̀rùn, iná funfun tó kọjú sí omi sì máa ń ṣi àwọn ọmọ wọn lọ́nà. Inú mi á dùn tí ẹ bá lè dá wọn sí.

Bí ẹ ṣe ń gbèrò àtifi yàrá kún un, ẹ rántí Boracay ní Philippines. Àlejò pọ̀ níbẹ̀ débi pé omi ìgbẹ́ ilé ìtura ń ṣàn wọ òkun tí àlejò ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, ìjọba ti gbogbo erékùṣù náà pa fún oṣù mẹ́fà gbáko. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló jókòó sílé. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n fi iye sí i: èèyàn 19,215 ni àlejò tó gbọdọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ tiyín náà, omi ò jìn sábẹ́ rẹ̀. Ṣáláńgá tàbí kòtò ìgbẹ́ tí kò lágbára á dé inú kànga abúlé kó tó pẹ́. Ẹ mọ iye èèyàn tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín, òmùwẹ̀ yín àti ojú ọ̀nà yín lè gbà, kí ẹ sì máa sọ pé ààyè ti kún. Ẹ sọ ọ́ ní December 26 pàápàá.

Ó kù sọ́wọ́ odi àti ọlọ́pàá ọkọ yín. Ẹ bá mi kí i, kí ẹ sì ka ibí yìí fún un. Odi tí ẹ bá mọ sórí iyanrìn, òkun ló máa wó o. Ìgbì tó bá lu ògiri gbọọrọ máa ń padà pẹ̀lú agbára, á sì máa wú iyanrìn ìdí rẹ̀ títí ògiri á fi wó, etíkun tí àlejò ń torí rẹ̀ wá á sì ti lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìlà-oòrùn èbúté Èkó ti jìyà èyí tó. Òkúta ìdènà tó jẹ́ kí Tarkwa Bay rọlẹ̀ yẹn náà ló dá iyanrìn tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dúró, òkun sì jẹ Bar Beach títí wọ́n fi wá mọ odi ńlá Eko Atlantic síbẹ̀. Òkun ṣì ń jẹ abúlé Òkun Alfa lọ́wọ́. Láti ọdún 2023 ni èbúté Lẹ́kkí tuntun ti ń ṣiṣẹ́ ní apá ọ̀dọ̀ yín, ó sì ní òkúta ìdènà tirẹ̀. Ẹ ri òpó kan mọ́lẹ̀ nínú ọgbà yín, kẹ́ ẹ máa wọn ibi tí omi dé láti ìdí rẹ̀ lóṣooṣù, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2024, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar, tí wọ́n wó apá tó pọ̀ nínú etíkun Landmark ní Victoria Island, David Umahi tó jẹ́ mínísítà iṣẹ́ òde sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun wọlé dé mítà 250. Ní Tarkwa Bay, ní January 21, ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará àdúgbò náà jáde nílé, wọ́n ní àwọn kan ń fọ́ ọ̀pá epo lábẹ́ ilé. Àwọn tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n ń bá àlejò gbé ẹrù, tí wọ́n ń se ẹja, tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń fi pákó gun ìgbì. Lójú tèmi, etíkun tí wọ́n bá lé àwọn onílé rẹ̀ kúrò ti pàdánù àwọn olùṣọ́ tó mọ̀ ọ́n jù. Ẹ lọ wo ìwé ilẹ̀ yín pẹ̀lú agbẹjọ́rò àti awọnlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn ní apá òkun.

Ìbọn ńkọ́? Òfin ọdún 1986 tó de iléeṣẹ́ aṣọ́nà aládàáni kò gbà kí wọ́n gbé ìbọn rárá, nítorí náà ọlọ́pàá ni ọkọ yín ń sọ, kì í ṣe aṣọ́nà aládàáni. Mi ò ní kí ẹ má gbà wọ́n. Láti nǹkan bí December 20 títí di ọjọ́ kejì ọdún tuntun, ẹ lọ bá DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò yín, kẹ́ ẹ béèrè fún wọn nípasẹ̀ ìwé, ẹ̀yin àti àwọn aládùúgbò yín, kẹ́ ẹ jọ sanwó. Kí wọ́n wà lójú ọ̀nà àti lẹ́nu géètì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa rìn lórí iyanrìn láàárín àwọn tó ti mutí, torí àríyànjiyàn lórí àga lè di ikú níbẹ̀.

Ní ti ọgbà, ẹ fi igi tàbí wáyà ṣe é, kí ó wà lẹ́yìn ibi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀, kí apá òkun ṣí sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀nà kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kó fẹ̀ débi tí ọkọ̀ apẹja àti àwọn tó ń fa àwọ̀n ńlá wálẹ̀ á fi lè kọjá láìjẹ́ pé wọ́n ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn fi ibi tí wọ́n fẹ́ hàn yín. Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí lórí ọ̀nà yẹn, kí ọkọ yín tó san owó búlọ́ọ̀kù.